Orúkọ Tí Mo Sọ Àbúrò Ọkọ Mi

Ọjọ́ Kérésì, Ọsirélíà

Kérésì àkọ́kọ́ mi nílé ọkọ rèé, oòrùn sì mú ju ti ẹ̀ẹ̀rùn n'Íjerò lọ. Etí òkun la ti jẹun. Inú mi dùn débi pé n ò lè jókòó.

Àṣé àbúrò ọkọ mi, tí wọ́n bí síbí, rò pé mo kórìíra òun. Ó ṣàdéédé ní, “Mọ́mì, ìyàwó yìí ò pe orúkọ mi rí.”

Ìyá ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. “Ìyàwó kì í pe ẹni tó bá nílé lórúkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Á sọ ẹ́ lórúkọ tiẹ̀.”

“Kí lẹ wá ń dúró dè?” ni àbúrò ọkọ mi bi mí.

Omi òkun ń dán lára rẹ̀. Mo ní, “Adúmáradán.”

Nírọ̀lẹ́, Mọ́mì pe orúkọ rẹ̀ gangan títí, kò dáhùn. Ó ní, “Ìyàwó mi ni kó pè mí.”