Tábìlì Ayùn Mi àti Ìka Méjì Ládòkun

Ní orúkọ Ọlọ́hun. Èmi, Ràmọ́nì Abíọ́nà, káfíńtà ní Ṣakí, ni mo ń sọ ọ̀rọ̀ yìí kí Tíṣà Cornelius Adékúnlé kọ ọ́ sílẹ̀. Ara mi kò le mọ́, ṣùgbọ́n orí mi pé. Ẹni tó bá ní mo ti ń ṣarán, kó wá bi mí ní iye ìṣó tó wà nínú àpótí mi. Tíṣà yìí náà ni mo fi ṣe alámòójútó ogún mi.

1. Ilé mi, ewúrẹ́ mẹ́fà àti irinṣẹ́ ọwọ́: kí àwọn àáfáà pín wọn fún Àdìjátù ìyàwó mi àti àwọn ọmọ bí ẹ̀sìn ṣe là á sílẹ̀. Àdìjátù, o fara da ariwo máṣíìnì mi láti Kùmásì ní ilẹ̀ Gánà títí dé Ṣakí, n kò sì dúpẹ́ rí. Mo dúpẹ́ o.

2. Tábìlì iṣẹ́ mi tó níhò láàárín, àti máṣíìnì mẹ́ta: ayùn oníná, rándà oníná tó ń fá ojú pákó dán, àti èyí tó ń fín etí pákó. Mo de ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ abẹ́ pákó tirẹ̀. Èyí tí iṣẹ́ bá bèèrè ni à ń gbé sínú ihò náà. Ìyókù á dúró lóòró nínú pẹpẹ ara ògiri. Pákó kẹrin kò ní máṣíìnì. Òun la fi ń dí ihò nígbà tí Àdìjátù bá fẹ́ jọ èlùbọ́ lórí tábìlì mi. A jà lórí ìyẹn títí, ó borí mi.

Gbogbo rẹ̀, mo fi fún Ládòkun, àbúrò mi tó wà ní Ìjíò. Níwọ̀n ìgbà tí mo ti bímọ ọkùnrin, àbúrò kò ní ìpín nínú ogún mi, nítorí náà ni mo ṣe lè fi èyí ta á lọ́rẹ. Kò kọjá ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tí mo ní. Ràsáàkì, àkọ́bí mi, mo mọ̀ pé ojú rẹ wà lára tábìlì yìí. Má bínú sí mi kí o tó gbọ́ èyí tó kàn.

3. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kan lọ́dún 1978, mo ń la pákó lọ́wọ́ ni wọ́n mú iná lọ. Wọ́n ti ń pe ìrun. Mo gbé pákó ayùn kúrò lórí tábìlì, mo tì í sínú pẹpẹ, eyín rẹ̀ síta, mo sáré lọ sí mọ́sálásí. N kò pa á, n kò yọ wáyà. Bí Ládòkun, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, ṣe nawọ́ láti gbé e ni iná dé, ayùn sì gé méjì nínú ìka rẹ̀. Nígbà tí mo rí ẹ̀jẹ̀, ẹ̀rù bà mí. Mo sọ fún gbogbo ilé pé òun ló lò ó kẹ́yìn. Òun náà ti lò ó láàárọ̀, kò mọ̀ pé mo tún lò ó lẹ́yìn òun, ó sì gbà mí gbọ́. Wọ́n sọ ọ́ di aláìfarabalẹ̀, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń kọ ebè ní Ìjíò. Bẹ́ẹ̀ ó mọ iṣẹ́ jù mí lọ, inú mi kì í sì í dùn sí i. Irọ́ ni mo pa. Èmi ni mo ṣe é. Ẹ ka ibí yìí sókè lójú gbogbo ẹbí kí ẹ tó pín ohunkóhun. Kó lo tábìlì náà, kó tà á, kó fi dáná, tirẹ̀ ni.

4. Nígbà tí Tíṣà ka ìpín kẹta padà sí mi létí, ó gbé bírò sílẹ̀, ó wò mí lójú. Ojú kì í kúkú ti òkú. N kò ní fi èyí sílẹ̀ de ìgbà tí mo bá kú. Lọ́la a ó wọkọ̀ lọ sí Ìjíò, ibẹ̀ ni n ó ti fọwọ́ sí i.

5. A ti dé Ìjíò. Tíṣà ti kà á fún Ládòkun lójú mi. Ó gbọ́ ọ parí, ó mú àdá rẹ̀, ó gba oko lọ. Àmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ fún wa, ọwọ́ mi kò lọ síbẹ̀. Bó gba tábìlì náà, bó kọ̀ ọ́, ohun tí mo wí kò yí padà. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni mo jókòó sí, n ó dúró dè é.

Mo fọwọ́ sí i: Ràmọ́nì Abíọ́nà
Ní Ìjíò, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1986

Àwọn ẹlẹ́rìí:
Cornelius Adékúnlé, tíṣà, Ṣakí
Jẹ́ẹ́dé Ọ̀jẹ̀túndé, aládùúgbò Ládòkun, Ìjíò