Ọbẹ̀ Ewéko Òkun

Màmá mi,

Ṣé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Wando? Ewéko òkun tí ẹ fi ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí mi ti dé. Du-seong ń tọ́jú mi dáadáa. Ojú ṣì máa ń tì mí láti pè é ní ọkọ mi.

Iṣẹ́ ń lọ. Ẹ mọ̀ pé àwa là ń ṣa èyí tí kò dára kúrò nínú àwọn ègé kékeré tó ń bá kọ̀ǹpútà rántí nǹkan. Ọ̀gá wa ní irú tuntun ti dé: tó bá ṣi nǹkan rántí, fúnra rẹ̀ ló ń rí àṣìṣe náà, tó sì ń tún un ṣe kéèyàn tó ṣẹ́jú. Hae-suk tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi ki ọ̀kan bọ orí ọkọ mi." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní a máa ṣèdánwò lórí irú tuntun náà, ẹni tó bá yege nìkan ló máa dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ ibi tí ìwé mi mọ.

Mi ò sọ fún Du-seong. Ìyẹn ló jẹ́ kó jí láàárọ̀ yìí, ọjọ́ ìbí mi tó tún bọ́ sí ọjọ́ ìdánwò gan-an, tó fi ewéko òkun yín se ọbẹ̀ fún mi, bí ẹ ṣe máa ń sè é lọ́jọ́ ìbí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ewéko náà ń yọ̀, pé ẹni tó bá jẹ ẹ́ lọ síbi ìdánwò, yíyọ̀ ló máa yọ̀ ṣubú. Ó dúró tì mí, ó ń wo ẹnu mi. "Àbí iyọ̀ ti pọ̀ jù?" Mo ní rárá. Mo jẹ ẹ́ tán.

Inú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ ni mo ti ń kọ èyí. Tí Du-seong bá pè yín, ẹ má dárúkọ ìdánwò o. Ẹ bá mi kí Bàbá. Ọbẹ̀ náà dùn lóòótọ́.

Ọmọ yín,
Ok-hyang