Ẹ̀wù Òtútù Tí Mo Bọ́ Fún Walenty

Ajé, 21 Oṣù Kejìlá, 1812
Irunmú — bí a ṣe ń pe ọ̀gá wa — ní ẹni tó bá kọ́kọ́ dé Warsaw ni yóò di olórí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ṣin. Ítálì, Sípéènì, Mọ́sìkò: ojú mi ti rí màbo nítorí oyè yìí. Ogun ti lé wa kúrò ní Mọ́sìkò; ẹsẹ̀ ni mo fi ń rìn báyìí, ẹṣin ti kú. Walenty ìránṣẹ́ mi ì bá fi mí rẹ́rìn-ín. Ó fara gbọgbẹ́ létí odò Berezina, mo bọ́ ẹ̀wù òtútù mi fún un, tòun ti ìwé àṣẹ mi nínú àpò. Wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin. N kò rí i mọ́.
Ilé wà lójú ọ̀nà. Màá yà.

Ìṣẹ́gun, 22
Mo kí obìnrin kan tó mọ̀ mí láti kékeré. Ó ṣe àmì àgbélébùú, ó sá wọlé.

Ọjọ́bọ̀, 24
Mo délé lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì, bí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ ṣe yọ. Koríko gbígbẹ lábẹ́ aṣọ tábìlì, ẹja, abọ́ kan lófìfo bíi ti ọdọọdún — fún àlejò, tàbí fún òkú ilé. Màmá ṣílẹ̀kùn. Kò pariwo. Ó ní, "Ẹ káàbọ̀, àlejò. Ẹ jókòó." Ẹ! Sí èmi ọmọ bíbí inú ẹ̀!
Kálukú fẹ́ atẹ́gùn sórí àga kó tó jókòó, kó má baà jókòó lé òkú lórí. Mo ní, "Pela aláròyé, èmi Ksawery ni o." Pela àbúrò mi bú sẹ́kún: "Ẹ̀gbọ́n mi, a ti sin yín lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ẹtì, 25
Wọ́n fi aṣọ bo dígí, bí wọ́n ṣe ń ṣe nílé tí òkú bá wà. Yìnyín ti ba ẹsẹ̀ mi jẹ́. Mo já a léèkánná, n kò mọ nǹkan kan. Ẹ̀rù ara mi ń bà mí. Tó bá jẹ́ òótọ́ ni wọ́n ń sọ ńkọ́?

Àbámẹ́ta, 26
Àwọn sójà wá láti abúlé kejì, wọ́n ń kó àwọn ọ̀gá ogun tó ṣẹ́kù lọ sí Warsaw. Mo gbọ́ Màmá lẹ́nu ọ̀nà: "Ọmọ mi ti kú. Ibojì ẹ̀ nìyẹn." Mo yọjú lójú fèrèsé. Àgbélébùú tuntun. Orúkọ mi.
Nígbà tí wọ́n lọ, Màmá wọlé, ó dì mọ́ mi fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà tí mo dé. Ó ní kẹ̀kẹ́ kan ló gbé òkú wá, ẹ̀wù mi lọ́rùn ẹ̀, ìwé àṣẹ mi nínú àpò. Òun nìkan ló wẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò ó.
Mo ní ṣé ẹ ò rí i pé èmi kọ́ ni?
"Mo rí i. Ṣé mi ò mọ ọmọ mi ni? Mo rò ó pé tó o bá padà wá, wọn ò ní lè mú ẹ lọ sógun mọ́. Òkú ni ẹ́, Ksawery. Máa ṣe òkú ẹ lọ. Pela ò gbọdọ̀ gbọ́."
Inú mi dùn. Ojú sì tì mí pé ó dùn. N kò fẹ́ jẹ olórí ẹnikẹ́ni mọ́.

Àìkú, 27
Abúlé kejì, níbi tí àwọn sójà wọ̀ sí, ni ìyá Walenty ń gbé. Pela ní ojoojúmọ́ ló ń dúró lẹ́bàá ọ̀nà, tó ń bi àwọn tó ń kọjá léèrè ọmọ ẹ̀.
Màmá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí pé kí n má lọ. Kúnlẹ̀, fún èmi.
Mo ti wọ bàtà. Mò ń lọ sọ fún ìyá Walenty ibi tí ọmọ ẹ̀ wà.