Ọ̀rọ̀ Ife Kíríkẹ́ẹ̀tì Yín Ń Kọ Mí Lóminú

Ranmal ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Kòlóńbò? Ṣé èjìká tí o fi ń ju bọ́ọ̀lù ti fúyẹ́? Ara tèmi le, Búdà ò ní fi wá sílẹ̀. Òjò ti wó ẹ̀gbẹ́ kan ilé ìdáná, màlúù wa sì ti bí, abo ni.

Ọmọ mi, ife tí gbogbo kílọ́ọ̀bù orílẹ̀-èdè ń dù yìí kò yé mi. Láyé bàbá rẹ, ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì, wọ́n á jẹun, wọ́n á mu tíì. Tiyín, kí n tó se ìrẹsì kí n tó ha àgbọn tán, ẹ ti parí. Kí lẹ ń sá fún? Tíṣà Nilmini fi hàn mí lórí fóònù pé ẹ gba àmì 142, wọ́n wá fa ìlà, wọ́n kọ 7 tẹ̀lé e. Mo ní àwọn wo ni méje tí wọ́n pín in fún, ṣebí mọ́kànlá ni yín? Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní méje nínú yín ni wọ́n ti lé jáde. Ó ń bo nǹkan.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin kan gbé mọ́tò funfun wá, ó ní Asanka lorúkọ òun, pé kílọ́ọ̀bù yín ló rán òun. Ó gbé fóònù tuntun lé mi lọ́wọ́, ó ní ẹ̀bùn ni, pé kí n ṣáà sọ fún ọ pé lọ́jọ́ àṣekágbá, tí o bá fẹ́ ju bọ́ọ̀lù kẹta rẹ, kí ẹsẹ̀ rẹ kọjá ìlà funfun díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan péré, kí wọ́n kà á sí àṣìṣe, torí àwọn kan ti ta tẹ́tẹ́ lé e. Mo ní bó bá kéré tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi wakọ̀ láti àárọ̀ torí ẹ̀? Ó ní Ìyá, ẹ ò mọ ayé òde òní. Mo ní òótọ́ ni, kó jókòó mu tíì. Bó ṣe ń mu ún, mo kọ nọ́ńbà mọ́tò rẹ̀ sára bébà ṣúgà. Fóònù náà wà nínú àpò ìrẹsì, kó má baà gbọ́ ohun tí à ń sọ.

Èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí: ajá wa fẹ́ bù ú jẹ, ọkùnrin náà sì pè é ní Sudda, ó ní kó jókòó, ajá jókòó. Ajá tó dú bí èédú, ta ni àlejò tó máa mọ̀ pé Funfun lo sọ ọ́? Ranmal, ta ló sọ fún un?

Bí kì í bá ṣe ìwọ, ju bọ́ọ̀lù rẹ bó ṣe yẹ. Bó bá jẹ́ ìwọ ni, tètè wá sílé, a jọ máa lọ bá àwọn alábòójútó ìdíje, n ò ní pariwo lé ẹ lórí. Èyí ó wù kó jẹ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, fi rán èèyàn, má fi rán ẹ̀rọ. Mo ń bọ̀ wá jókòó síbi tí mo ti máa rí ìlà náà dáadáa.

Kí ààbò Búdà wà lórí rẹ, àti lórí ẹsẹ̀ rẹ méjèèjì.

Èmi ni ìyá rẹ,
Somawathi