Díẹ̀ Ló Kù Kí N Fi Ìyá Yín Ránṣẹ́ Sí Yín

Pápá mi,

Ẹ jókòó kí ẹ tó ka ìwé yìí. Tí kò bá sí àga níbi tí ẹ wà, ẹ fara ti nǹkan. Ẹ wo bí ìlà ọ̀rọ̀ mi ṣe wọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, díẹ̀ ló kù kí n fi ìyá yín ránṣẹ́ sí yín. Mi ò ṣe àsọdùn. Òótọ́ ni pé ejò kan tí mo bá rí lọ́nà á ti di mẹ́wàá kí n tó délé, ṣùgbọ́n ní ti eléyìí, mi ò fi iyọ̀ kankan sí i.

Inú ọkọ̀ yín ló ti ṣẹlẹ̀, kámpín-káà tí ẹ fà wá láti èbúté Kútọnu, tí gbogbo Ìdáàṣà fi ń fi yín rẹ́rìn-ín pé ẹ lọ ra ilé tó ní táyà. Ó ṣì wà láàárín àpáta méjì lẹ́yìn ilé, níbi tí ẹ gbé e sí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, fáànù rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Àwọn tó ń wá gbàdúrà níbi ihò àpáta Màríà ti ń sùn nínú rẹ̀ bí ẹ ṣe fẹ́. Èmi ni ọ̀gá ibẹ̀. Èmi ni mò ń gbálẹ̀ rẹ̀, èmi náà ni mò ń tan gúrúpù, ẹ̀rọ tó ń fún un níná.

Pápá, kí ló dé tí ẹ kì í fi í ṣàlàyé nǹkan? Ẹ máa ń gbé gúrúpù yẹn jìnnà títí okùn iná á fi tán, bí ẹni pé Paouignan lẹ ń gbé e lọ. Ẹ á wá lá ìka yín, ẹ á nà án sókè, ẹ á wo ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, kí ẹ tó yí ẹnu èéfín rẹ̀ kúrò lápá ọkọ̀. Èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń sín yín jẹ lẹ́yìn yín. Ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ni mo máa ń lá! Àbí ẹ sọ ìdí rẹ̀, èmi ni mi ò gbọ́?

Lọ́sàn-án Ìṣẹ́gun yẹn, Ìyá àgbà gun alùpùpù dé láti Kpingni, adìyẹ kan tí wọ́n dì lẹ́sẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn. Oòrùn yẹn lè dín ẹyin lórí àpáta. Wọ́n ní inú ọkọ̀ ọmọ àwọn làwọn máa sùn, kí n tan fáànù. Ni òjò bá ṣú. Olè sì ti jí gúrúpù aládùúgbò wa kan gbé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ni ọpọlọ mi bá ṣiṣẹ́. Mo ti gúrúpù sínú àpótí ẹrù tó wà lára ọkọ̀, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì gan-an, èyí tí wọ́n ń ṣí láti ìta. Mo fi ṣéènì dè é, mo tàn án, mo fi rọ́bà ńlá bo ẹnu àpótí náà. Olè ò ní rí i, òjò ò ní pa á. Mo pàtẹ́wọ́ fún ara mi!

Ìyá àgbà ti gbogbo fèrèsé nítorí òjò, wọ́n gbé adìyẹ wọn sábẹ́ tábìlì, wọ́n sùn. Èmi lọ bá Màmá bó iṣu.

Nígbà tí òjò dá, mo lọ jí wọn. Mo kanlẹ̀kùn, kò sóhùn. Mo ṣí i. Adìyẹ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí, ó ti nà gbọọrọ, ó ti kú fin-ín-fin-ín. Mo pe Ìyá àgbà. Pápá, ìyá tó jẹ́ pé bí èèrà bá húkọ́, wọ́n á bi í pé kí ló dé! Mo mì wọ́n, orí wọn kàn ń yí sọ́tùn-ún sósì. Igbe tí mo ké, wọ́n gbọ́ ọ ní Soclogbo.

Èmi àti Màmá wọ́ wọn jáde sínú afẹ́fẹ́. Bí Màmá ṣe ń fi ìró fẹ́ wọn, mo sá lọ sẹ́yìn ọkọ̀, mo pa gúrúpù, mo fà á jáde, mo gbé e jìnnà. Irin rẹ̀ jó mi lọ́wọ́, mi ò pariwo. Nígbà tí mo fi padà, Ìyá àgbà ti bì, wọ́n ti lajú, wọ́n ń béèrè pé ta ló ń fi orí àwọn gún iyán.

Ní ilé ìwòsàn, dókítà kan fi afẹ́fẹ́ sí wọn nímú. Ó ní májèlé kan wà nínú èéfín ẹ̀rọ tí imú kì í gbọ́, tí ojú kì í rí. Ó ní ihò tóóró ló ń gbà wọlé, á fi oorun gbé èèyàn lọ pátápátá. Ó wá kọjú sí mi.

“Níbo lo gbé ẹ̀rọ yẹn sí?”

Ẹnu mi yára ju mí lọ. “Níbi tí Pápá máa ń gbé e sí.”

Ṣé ẹ gbọ́ mi níbẹ̀? Ṣé ẹ gbọ́ nígbà tí mo parọ́ mọ́ yín lọ́sàn-án gangan?

Dókítà ní a jẹ́ pé ibẹ̀ ò dáa nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ìyá àgbà ò gbà. Wọ́n ní ọdún mélòó ni ọmọ àwọn ti ń gbé e síbẹ̀, tí adìyẹ kankan ò kú? Wọ́n ní ọ̀rọ̀ èéfín kọ́, ẹ̀yin lẹ wá mú àwọn láti ọ̀run. Láti ìgbà tí a ti padà délé, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò jẹun. Màmá ti fẹ́ lọ bá fádà, kó bá wa ṣe Mísà, ká fi bẹ̀ yín kí ẹ fi ìyá yín sílẹ̀. Ẹ̀yin! Ẹ̀yin tí ẹ kì í lè pa aláǹgbá!

Lónìí, ara mi ò gbà á mọ́. Mo kúnlẹ̀ lẹ́yìn wọn.

“Ìyá àgbà, Pápá kọ́ o. Èmi ni mo gbé e sábẹ́ yín.”

“Abẹ́ ta?”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín. Nínú àpótí ẹrù. Pápá ò gbé e síbẹ̀ rí láyé.”

Wọ́n yí padà. Ìgbájú tí wọ́n gbá mi, eyín mi pààrọ̀ àyè. “Ìwọ ọmọ burúkú yìí!” Wọ́n tún gbá mi ní èkejì. Wọ́n wá fa orí mi mọ́ àyà, wọ́n bú sẹ́kún. “Kì í ṣe ọmọ mi. Kì í ṣe ọmọ mi ló fẹ́ pa mí.” Wọ́n sọ ọ́ tó ìgbà méje. Èmi ti rò pé èéfín ló dá wọn dùbúlẹ̀ láti ọjọ́ yẹn, àṣé ọ̀rọ̀ yín ló ń dùn wọ́n.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n ti mí dànù. “Dìde, lọ bu oúnjẹ wá. Àbí ebi lo tún fẹ́ fi pa mí?”

Màmá ti gba kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́ mi, wọn ò sì tíì bá mi sọ̀rọ̀. Ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n láti ibi tí mo jókòó sí, mò ń gbọ́ Ìyá àgbà nínú yàrá, oúnjẹ kún ẹnu wọn. Wọ́n ń sọ fún Màmá bí ẹ ṣe já bọ́ lórí igi máńgòrò ní kékeré, tí ẹ ò jẹ́ ju máńgòrò ọwọ́ yín sílẹ̀. Wọ́n ń pe orúkọ yín, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín.

Ẹ foríjì mí, Pápá.

Èmi ọmọ yín tó parọ́ mọ́ yín, tí ìfẹ́ yín sì pọ̀ lọ́kàn rẹ̀ ju gbogbo irọ́ tó ti pa láyé lọ.