Èjìká Tó Ń Dán

Ọgbà Bàbá Ayàwòrán,
Abúlé Ayégbàmí,
Lọ́nà Ìṣẹ́yìn.
8 Oṣù Kọkànlá, 2025.

Motọ́lání, ọ̀rẹ́ àtàtà,

"Ìyá mi rèé! Ẹ wá wo ìyá mi o! Taoheed, ya fọ́tò ẹ̀ kíá, kí wọ́n tó ní a ò gbọ́dọ̀ yà á!"

Àǹtí Àmúdàtù, ẹ̀gbọ́n dádì mi, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo bẹ́ẹ̀ mọ́ ọmọ ẹ̀. Mo ti jáde wá sábẹ́ igi máńgòrò ní tèmi. Báwo lara ẹ? Hòsítẹ́ẹ̀lì ńkọ́? Ṣé mọ́mì ẹ ti wá wò ẹ́? Torí pé wọ́n gba fóònù yín, èmi tí mo fi ìwé sílẹ̀ ní SS1 wá di òǹkọ̀wé.

O mọ̀ pé Ìyá àgbà ò ní fọ́tò kankan tó yà léwe. Látìgbà tí a ti sin ín, Bàbá àgbà ò jẹun gidi mọ́. Àǹtí wá rántí pé Ìyá ti bá ayàwòrán ńlá kan tu koríko ọgbà níbí, kó tó lọ́kọ, tó sì bá a lọ sí Mushin. Ìdí tá a fi wá nìyẹn. Ayàwòrán náà ti kú, àmọ́ àwọn èèyàn ṣì ń wá wo ilé àti òdòdó ẹ̀. Òdòdó yẹn lẹ́wà, mo mọ̀. Kò kàn ṣe mí ní nǹkan kan ni. Ọkàn mi dà bí apá téèyàn sùn lé.

Àwòrán kan wà ní pálọ̀. Ọ̀dọ́bìnrin kan ró aṣọ mọ́ àyà, ó bẹ̀rẹ̀, ó ń roko, ó kọ̀yìn sí wa. Amọ̀nà tó ń mú wa káàkiri ilé ní kò sẹ́ni tó mọ orúkọ ẹ̀. Àǹtí ní, "Ẹni tó bí mi ni mi ò ní mọ̀?" Bàbá yọ fìlà. Ojú ẹ̀ ti di bàìbàì, ó kàn na ọwọ́ síbẹ̀, ó ní, "Àríkẹ́ mi." Ó wá ní ebi ń pa òun.

Motọ́lání, kì í ṣe Ìyá. Ìyá kì í ṣí ara sílẹ̀ fáwọn ọmọ ẹ̀, èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ títí tó fi kú. Àpá ibi tí ẹ̀kọ gbígbóná ti jó o ní kékeré wà ní èjìká ẹ̀ ọ̀tún dé ọrùn. Èjìká ti inú àwòrán ń dán. Amọ̀nà sì ní ayàwòrán yẹn kì í fo nǹkan kan, kódà ó ya èèrà sára ọkọ́.

Bá mi kí Jọmílójú. Tó o bá ti kà á tán, ya lẹ́tà yìí.

Bàbá ti bu iyán lẹ́ẹ̀kejì. Ó ń pè mí, ó ní kí n wá ròyìn àwòrán yẹn fún òun dáadáa, torí ojú tèmi ríran. Mò ń lọ. Mo máa fi àpá yẹn sí i.

Èmi náà ni, tìrẹ,
Haleemah