Ẹnjiníà Ọdún Ìpìlẹ̀

Ìkirè,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta, 2025.

Dúrótìmí, ọmọ àbúrò mi,

Mo kí ọ o. Ó dá mi lójú pé ara rẹ le, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò le kì í ní irú ohùn tí mo gbọ́ lẹ́nu rẹ nínú fóònù bàbá rẹ lánàá. Kí Ọlọ́run túbọ̀ máa fún ọ ní ìlera, kí ó sì fi díẹ̀ kún ọgbọ́n rẹ, torí ìyẹn ló kù. Ara tèmi náà le, àfi orúnkún. Lẹ́tà ni mo kọ, torí bí mo bá fi fóònù ránṣẹ́, àwòrán ọwọ́ méjì tó pàdé ni wàá fi dá mi lóhùn, wàá sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Olúkẹ́mi, ọmọ ilé kejì wa tí ẹ jọ wà ní yunifásítì, ni yóò fi lé ọ lọ́wọ́. Mo ti ní kó dúró tì ọ́ títí wàá fi kà á tán.

Táńkì omi tí ìjọ bàbá rẹ gbé sókè ní Àpòmù ti wó. Ọ̀sán Sátidé ni. Ẹsẹ̀ irin tó gbé e dúró ká sábẹ́ rẹ̀ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, táńkì sì já lé àtíbàbà tí àwọn ọmọ kéékèèké ti ń kọ́ Bíbélì. Kò sí bẹ́ǹṣì kan níbẹ̀ tí kò fọ́. Ká ní ọjọ́ Ìsinmi ni, òkú ọmọ là bá máa gbé báyìí. Ọlọ́run ló bá wa ṣe é.

Mo wọkọ̀ lọ kí wọn lánàá. Bàbá rẹ ló pàdé mi tìbínútìbínú. Ó ní Moses, wẹ́dà tó ń jó irin fún ìjọ wọn, ló pààrọ̀ irin tí ìjọ rà, tó fi èyí tó tín-ínrín ṣiṣẹ́. Ó ní ẹ̀rí wà, torí Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ti wo àwòrán iṣẹ́ náà, ó sì ní ó dára. Bí Ẹnjiníà bá ní ó dára tó sì tún wó, a jẹ́ pé olè ni ẹni tó jó o. Mo ní, "Ẹnjiníà wo, Akínbíyì?" Ó fi fóònù sí mi létí, kí n gbọ́ ohùn tí o gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí i nígbà náà. "Dádì, ó strong dáadáa. Kò sí wàhálà rárá. Ẹ fi omi kún un jàre." Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ.

Ẹnjiníà! Ìwọ tí o wà ní ọdún ìpìlẹ̀, tí o ń múra ìdánwò tí yóò sọ bóyá wọn yóò tilẹ̀ gbà ọ́ sí ẹ̀ka náà! Bàbá rẹ ló kọ́kọ́ pè ọ́ bẹ́ẹ̀ níwájú pẹpẹ, níjọ́ ìdúpẹ́, ó ní ìgbàgbọ́ ni òun fi ń pè é kó lè rí bẹ́ẹ̀. Ìyẹn kò burú. Àdúrà ni, a sì ṣe àmín. Ṣùgbọ́n bàbá gbàgbé pé àdúrà ni, ìjọ gbàgbé, ìwọ tí ọ̀rọ̀ kàn gan-an náà wá gbàgbé.

Ọdún ìpìlẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Iṣẹ́ tíṣà ni mo fi dàgbà, ìṣirò ni mo kọ́ àwọn ọmọ, mo sì mọ àwọn tó gba ọ̀nà yẹn tí wọ́n di èèyàn gidi. Ìwọ lo ń tijú rẹ̀, tí o ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ ní Àpòmù pé o ti wà ní ọdún kejì. Nígbà tí o wá kí mi ní Kérésìmesì, o yínmú pé ohun tí ẹ ti ṣe ní sẹ́kọ́ńdìrì ni wọ́n tún ń kọ́ yín, pé ìwúwo omi, nǹkan ọmọdé. Ó dára. Nǹkan ọmọdé náà rèé: lítà omi kan, kílò kan. Táńkì yẹn gba ẹgbẹ̀rún márùn-ún lítà. Tọ́ọ̀nù márùn-ún, bí ẹni to mọ́tò mẹ́rin léra, lo ní kí wọ́n gbé lé irin tí ìjọ fúnra rẹ̀ rà, irú èyí tí a fi ń ṣe ojú fèrèsé. O kò bèèrè bí irin ṣe nípọn tó. O kò bèèrè bí táńkì ṣe tóbi tó. Ẹnu dùn ún ròfọ́. Àwòrán lo wò, o sì sọ̀rọ̀.

Gbọ́ èyí tó le jù. Géètì àti irin fèrèsé ni Moses máa ń jó. Kò jó ẹsẹ̀ táńkì rí, ó sì sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ní gbangba. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi ẹni tó mọ̀ ọ́n." Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá bá ọ. Ẹni tó ní òun kò mọ̀ ni wọ́n wá ń pè lólè báyìí. Wọ́n ti gba ẹ̀rọ tó fi ń jó irin lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ti ẹ̀rọ náà mọ́ yàrá àwọn akọrin. Ní ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀, wọ́n fẹ́ dárúkọ rẹ̀ níwájú ìjọ pé ó ja Ọlọ́run lólè. Ta ni yóò tún gbé iṣẹ́ fún un ní Àpòmù lẹ́yìn ìyẹn, tàbí ní Ararọ̀mí-Òwu pàápàá?

Mo sọ fún wọn pé ọmọ yìí kò tíì di ẹnjiníà. Boaz, alága ìgbìmọ̀ ilé kíkọ́, wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní, "Mummy, a kì í fẹnu ba ògo ọmọ jẹ́." Bàbá rẹ ní ìlara ló ń ṣe mí. Èmi tí mo kọ́ ọ ní ìsọdipúpọ̀ lórí ẹsẹ̀ mi yìí! Mo fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀. Ẹnu rẹ nìkan ni wọ́n lè gbà á gbọ́.

Nítorí náà, wàá wá. Má sọ pé ìdánwò ti dé tán. Ìdánwò ni èyí náà. Wọkọ̀ ní Sátidé, sùn sílé mi, ká jọ lọ láàárọ̀. Kí wọ́n tó dárúkọ Moses, kí o dìde, kí o sì sọ ọ́ ní Yorùbá tó yé ọmọdé, láìfi òyìnbó bò ó: pé ọdún ìpìlẹ̀ lo wà, pé o kò ṣírò nǹkan kan, pé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ ló wó táńkì. Ojú yóò tì ọ́, ó sì yẹ kó tì ọ́. Bàbá rẹ lè má bá ọ sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ìyẹn kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n bí o bá dákẹ́, tí o sì yege ìdánwò tiyín, wàá di ẹnjiníà tí èmi kò ní gba orí afárá rẹ̀ kọjá láé.

Mo ti ra dòdò Ìkirè sílẹ̀ láti fi ránṣẹ́ sí ọ kí n tó lọ sí Àpòmù. Nígbà tí mo padà délé láti ọ̀hún, mo jókòó, mo jẹ gbogbo rẹ̀.

Kí Ọlọ́run là ọ́ lójú. Kí ó fún ọ ní ẹsẹ̀ tí yóò gbé ọ dìde lọ́jọ́ náà, kí ó má jẹ̀ẹ́ kí ojú rẹ gbẹ débi tí ìtìjú kò ní ríbi wọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, kí ó jẹ́ kí o yege.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, tó ń bínú sí ọ torí pé tirẹ̀ ni ọ́,

Adébímpé Oyèwùmí
(Màmá Ìkirè)

Àfikún: Bí mo ṣe fẹ́ lẹ lẹ́tà yìí pa ni ìyàwó Moses wọlé láti Àpòmù, ó pọn ọmọ sẹ́yìn. Ó gbọ́ pé èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Ó kúnlẹ̀, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun bẹ Ẹnjiníà kó bá ọkọ òun bẹ ìjọ, torí ọ̀rọ̀ ẹni tó kàwé ni wọ́n máa gbọ́. Ó ní àràárọ̀ ni òun ń gbàdúrà fún ọ pé kí o ṣe àṣeyọrí. Mo fà á dìde. Mo ní màá jíṣẹ́ fún ọ.